Ọkùnrin tó hun ohun tó yẹ kí wọ́n pa rẹ́

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Iṣẹ́ òfì ni mò ń ṣe ní Ìṣẹ́yìn, ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Oníbàárà mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù fi àwòrán aṣọ kan ránṣẹ́ sí mi, aṣọ irun àgùntàn láti ọ̀dọ̀ àwọn Navajo ní Amẹ́ríkà. Ó ní oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ọkùnrin tó hun ún, pé àwòrán tí wọ́n máa ń yà sílẹ̀ fún ìwòsàn, tí wọ́n sì máa ń pa rẹ́ lọ́jọ́ náà, ló gbé sórí aṣọ. Ó wá fẹ́ kí n fi wúùlù hun ojú Odù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún fún òun bẹ́ẹ̀, kí òun gbé e kọ́ sára ògiri. Bàbá mi ní kí n má dán an wò. Ta ni ọkùnrin yẹn? Báwo ló ṣe ṣe é tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò fi lé e nílùú?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì bá mi kí bàbá. Oníbàárà yín kò parọ́. Hosteen Klah ni ọkùnrin tó ń sọ. Hosteen ni àwọn Navajo, tí àwọn fúnra wọn ń jẹ́ Diné, fi ń pe àgbà ọkùnrin. Klah jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Wọ́n bí i ní 1867, ó sì kú ní oṣù kejì ọdún 1937. Ahunṣọ ni, ó sì tún jẹ́ hataałii, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi orin àti àwòrán wo èèyàn. Iṣẹ́ méjèèjì kì í sábà pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo láàárín wọn, pípàdé tí wọ́n pàdé lára rẹ̀ ló sì bí gbogbo ohun tí ẹ ń bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwòrán náà jẹ́, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù bàbá yín ti wá. Tí ara Navajo kan kò bá yá, tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, wọ́n lè gbà pé ohun kan ti dàrú láàárín òun àti ayé tó yí i ká. Wọ́n á ránṣẹ́ pe hataałii. Òun á máa kọrin òru dé òru, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, òun àti àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ á tẹ́ iyanrìn sílẹ̀ nínú ilé, wọ́n á bu òkúta lílọ̀ pupa, funfun, àwọ̀ ìyeyè àti èédú, wọ́n á máa jẹ́ kó jò láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá títí tí àwọn ẹni mímọ́, òṣùmàrè, àgbàdo àti mànàmáná yóò fi yọ lórí ilẹ̀. Aláìsàn á jókòó sórí àwòrán náà gan-an. Agbára inú rẹ̀ á wọ ara aláìsàn, àìsàn á sì bọ́ sínú iyanrìn. Lẹ́yìn náà wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á kó iyanrìn náà lọ dà síta, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò sì ní ṣú bá a níbẹ̀.

Babaláwo tó ń tẹ Odù sínú ìyẹ̀rosùn, tó ń kì í, tó sì ń fi ọwọ́ nù ún kó tó tẹ òmíràn, yóò lóye èyí kíá ju ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lọ. Ṣùgbọ́n ti Navajo tún le ju tiwa lọ níbì kan. Àwa lè tẹ ojú Odù sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni rà á lọ́jà. Lọ́dọ̀ tiwọn nígbà ayé Klah, ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó bá sọ àwòrán náà di ohun tó wà títí lè fọ́ lójú tàbí kó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, àti pé ìjàǹbá rẹ̀ lè dé bá gbogbo àdúgbò. Àwọn díẹ̀ ti dán an wò sórí aṣọ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, inú àwọn aládùúgbò wọn kò sì dùn sí i rárá.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ayé tí wọ́n bí Klah sí. Ní 1849, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yìnbọn pa Narbona, olórí Navajo tó jẹ́ bàbá ńlá rẹ̀. Ní 1864, ìjọba sun oko Navajo, wọ́n pa àgùntàn wọn, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ da ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ sí Bosque Redondo, ibi gbígbẹ kan ní ìlà-oòrùn New Mexico tí ebi àti àrùn ti pa ọ̀pọ̀ wọn. Àdéhùn 1868 ló dá wọn padà sílé. Nínú àdéhùn yẹn ìjọba ṣèlérí láti ra 15,000 àgùntàn àti ewúrẹ́ fún wọn, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 30,000 dọ́là lọ. Ìyẹn ni pé nígbà tí Klah ń rákòrò, àgùntàn ni ìdílé kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀ ayé lọ́tun.

Àgùntàn ọ̀hún kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Àwọn ará Sípéènì ló kó o wá, pàápàá láti 1598 tí wọ́n wá tẹ̀dó sí New Mexico. Churro ni wọ́n ń pè é. Irun rẹ̀ gùn, ó le, ọ̀rá inú irun náà kò pọ̀, èyí sì ṣe pàtàkì gan-an fún aṣálẹ̀ tí omi ìfọṣọ ti wọ́n. Kí ó tó dé, òwú ni wọ́n ń hun ní àgbègbè náà, bíi tiwa. Àwọn aládùúgbò wọn, Hopi àti àwọn Pueblo yòókù, ni ìmọ̀ òfì ti ọ̀dọ̀ wọn wá, bí àwọn onítàn ṣe sọ ọ́. Navajo fúnra wọn ní Ìyá Aláǹtakùn ló kọ́ àwọn obìnrin, ọkọ rẹ̀ ló sì kan òfì àkọ́kọ́: ọ̀run àti ayé ni ó fi ṣe igi òkè àti ti ìsàlẹ̀, ìtànṣán oòrùn ló sì fi ṣe igi tí wọ́n ń ta òwú sí.

Láàárín Hopi, ọkùnrin ló ń hunṣọ. Láàárín Navajo, obìnrin ni. Èyí ló mú kí àwọn àlejò máa bèèrè bí Klah ṣe débẹ̀. Nádleehi ni Klah. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n gbà pé ìwà ọkùnrin àti ti obìnrin pàdé lára rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì níyì nígbà náà. Iṣẹ́ ọkùnrin àti iṣẹ́ obìnrin ṣí sílẹ̀ fún un. Klah kò fẹ́yàwó. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ìdílé rẹ̀ ló ti kọ́ òfì, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ọkùnrin ló ti kọ́ orin ìwòsàn. Ní 1893, nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn àgbáyé ní Chicago, ó wà lára àwọn tó ń hunṣọ lójú àwọn èrò ìran níbẹ̀.

Orin ìwòsàn ni ó gbà á lọ́jọ́ orí jù. Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Ètò kan ṣoṣo, irú Yeibichai tó máa ń gba òru mẹ́sàn-án, tí wọn kì í sì í ṣe àfi nígbà òtútù, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin nínú, àwọn àwòrán tirẹ̀, egbòogi tirẹ̀ àti àdúrà tí ẹnu kò gbọdọ̀ ṣì. Ọ̀pọ̀ hataałii ló jẹ́ pé ètò kan tàbí méjì ni wọ́n á mọ̀ délẹ̀ títí wọn á fi kú. Klah ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń ti ọ̀dọ̀ àgbà kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún kó tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló darí Yeibichai ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1917.

Ẹ fi ọkàn sí ọdún yẹn, torí 1919 ni ó hun aṣọ àkọ́kọ́ tó gbé àwòrán ìwòsàn sí. Ẹni tó ti parí ẹ̀kọ́ ni.

Tọkọtaya kan tó ń jẹ́ Newcomb ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ilé Klah, ní ẹsẹ̀ òkè Chuska. Arthur ni ọkọ, Franc ni ìyàwó. Klah fẹ́ràn Franc, ó máa ń mú un lọ síbi ìwòsàn. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ya àwòrán náà síwèé níbẹ̀, torí náà obìnrin yìí á tẹjú mọ́ ọn, á há a sórí, tó bá délé á yà á. Àwọn Newcomb ló dá a lábàá pé kí Klah hun ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ lọ́ra. Nígbà tó gbà, ó ṣe ètùtù láti fi dáàbò bo ara rẹ̀, ó sì kan òfì tó tóbi ju ti ilé lọ. Igi tó ń yí lójú omi, àwòrán kan láti inú Yeibichai, ló kọ́kọ́ hun. Ìyàwó Gillette, olówó tó ń ṣe abẹ fífá irùngbọ̀n, ló rà á. Ojú Klah kò fọ́. Ọdún ń yí lu ọdún, ara rẹ̀ le, àwọn èèyàn tó ti ń retí ìjàǹbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ẹ ò rí i pé bí wọn kò ṣe lé e nílùú nìyẹn: wọ́n mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló ni ìmọ̀ náà, wọ́n mọ̀ pé ó ti ṣe ohun tó yẹ kó tó fọwọ́ kan òfì, wọ́n sì rí i pé kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tó yá, ó kọ́ àwọn ọmọ arábìnrin rẹ̀ méjì, Gladys àti Irene Manuelito, ó sì ṣe ètùtù fún àwọn náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, torí ahunṣọ ni yín, ẹ ó sì rí ohun tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ máa ń fò kọjá.

Òfì Navajo dúró lóòró ni, ó jọ èyí tí àwọn obìnrin wa ní Ìjẹ̀bú, Ọ̀wọ̀ àti Àkókó ń gbé ti ògiri. Òwú kan ṣoṣo tí kò ní gígé ni wọ́n fi ń ta á láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí náà aṣọ náà á parí pẹ̀lú etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò ní wájà. Kò sí ọ̀kọ̀ tó ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá láti etí dé etí. Òwú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ níbi tirẹ̀, á lọ, á padà, á dì mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ahunṣọ á sì fi ìyarun igi lù ú mọ́lẹ̀ títí tí òwú tí wọ́n ta kò fi ní hàn mọ́ rárá. Gbogbo àwòrán tí ojú rí, òwú ìhun ló gbé e.

Ẹ wá fojú inú wò ó. Tí wọ́n bá ń ya àwòrán iyanrìn, àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gbòòrò lọ síta. Lórí òfì, ìsàlẹ̀ lèèyàn ti ń gòkè. Klah kò lè hun ẹni mímọ́ kan parí kó tó kan èkejì. Ẹsẹ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀ àti ara òṣùmàrè tó yí wọn ká gbọ́dọ̀ jọ máa jáde ní ìlà kan náà, kó sì mọ̀ láti ìlà àkọ́kọ́ ibi tí àárín máa bọ́ sí. Kò fi bébà kankan síwájú. Orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Tí ó bá tún kan ibi tó rí róbótó, òfì kò mọ òbìrí. Àtẹ̀gùn kéékèèké ló mọ̀. Kí àtẹ̀gùn tó lè dà bí òbìrí lójú, òwú gbọ́dọ̀ tínrín gan-an, lílù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti gbìyànjú rẹ̀.

Irun àgùntàn fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ kó tó dé orí òfì. Wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á ṣa ẹ̀gún àti koríko inú rẹ̀, wọ́n lè fi gbòǹgbò yucca tó ń hó bí ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n á fi pátákó oníwáyà méjì yà á kí irun rẹ̀ lè dojú kọ ọ̀nà kan. Ọ̀pá ìrànwú wọn gùn, orí itan ni wọ́n ti ń yí i. Ìrànwú ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Òwú tí wọ́n máa ta gbọ́dọ̀ gba orí ọ̀pá lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó le dáadáa. Àkókò tó ń lọ síbi ríràn òwú máa ń ju ti híhun lọ. Àwọn tó ń díye lé aṣọ kì í ka ìyẹn sí. (Ẹ̀yin náà mọ irú wọn.)

Ní ti àwọ̀, Klah kò pa ilẹ̀ aṣọ rẹ̀ láró. Irun abẹ́ ikùn àgùntàn aláwọ̀ ilẹ̀ ló ń lò, torí ó súnmọ́ àwọ̀ iyanrìn tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé ìwòsàn. Ewé àti gbòǹgbò ibẹ̀, èlú, àti kòkòrò pupa tí wọ́n ń gbẹ tí wọ́n sì ń lọ̀ ló fi rí àwọ̀ tó kù. Nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń hunṣọ fún ọjà ti ń ra àró inú páálí, ẹni tó fi iyanrìn ṣe òdiwọ̀n mọ ohun tó ń ṣe.

Kí ló dé tó fi ń bá a lọ? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìfẹ́ àṣà nìkan ni. Ọlọ́jà ló dá a lábàá, olówó ló ń rà á, owó náà sì wúlò. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọdún yẹn ṣe ń lọ, ọ̀ràn náà yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1921 ó pàdé Mary Cabot Wheelwright, obìnrin olówó kan láti Boston, ó sì gbà kí ó máa kọ àwọn ìtàn ìṣẹ̀dá àti orin rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1931, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó yẹ kó jogún gbogbo ìmọ̀ náà kú. Klah ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kò tún sí ẹlòmíràn tó máa fi ogún ọdún jókòó tì í. Lérò tèmi, láti ìgbà yẹn lọ ni aṣọ náà di ibi ìfipamọ́, kì í ṣe ọjà mọ́. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tó hun lé ní ogún. Ó lọ́wọ́ sí ètò kíkọ́ ilé àkójọ kan ní Santa Fe tí Wheelwright fi owó rẹ̀ kọ́, tí wọ́n ṣe bí ilé Navajo, ṣùgbọ́n ó kú kí wọ́n tó ṣí i nínú ọdún 1937 kan náà.

Mi ò ní pa òdì kejì rẹ̀ mọ́. Ohun tó ti ọwọ́ Klah jáde dé ọwọ́ àwọn tí kò jẹ́ Navajo, ilé ọlọ́rọ̀ àti ilé àkójọ ni púpọ̀ rẹ̀ wà. Àwọn ẹlòmíràn tí wọn kò mọ orin kankan rí i pé ó ń tà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya irú rẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò. Àwọn tó bẹ̀rù nínú wọn máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yí àwọ̀ kan padà tàbí yọ nǹkan kan kúrò, kí ó má bàa jẹ́ àwòrán gidi. Igi tó ń yí, tí Klah fi bẹ̀rẹ̀, tún kó sínú wàhálà mìíràn: ó jọ àmì tí Hitler gbé ká Jámánì, nígbà tó sì di 1940 àwọn aṣojú Navajo àti àwọn ẹ̀yà mẹ́ta mìíràn fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní fi àmì náà sára iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́. Ní 1977, ilé àkójọ Santa Fe dá àwọn ẹrù ìwòsàn mímọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà fún Navajo, ó sì yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Wheelwright Museum of the American Indian.

Ó ku ọ̀rọ̀ oníbàárà yín.

Ohun tó fẹ́ kò tó ti Klah ní ewu, torí ojú Odù kì í ṣe ohun tí ojú kò gbọdọ̀ rí. Ṣùgbọ́n bàbá yín ní ibi tó ti tọ̀nà. Klah kò yá ìmọ̀ ẹlòmíràn lò. Ẹ̀yin kì í ṣe awo, tí mo bá gbọ́ yín dáadáa. Lọ bá babaláwo kan tí bàbá yín fọkàn tán, kí ó sọ bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí ó sì wo iṣẹ́ náà kó tó kúrò nílé. Bí òkè bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn, orúkọ ti yí padà nìyẹn, ẹni tó bá sì mọ Ifá ní Lọ́ńdọ̀nù á rí i. Àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú tó ń hun ìtàgbé, aṣọ oyè àwọn Òṣùgbó (Ògbóni), kì í dédé hun ún fún ẹni tó bá ṣáà ti ní owó lọ́wọ́. Ó yẹ kí ẹ bi oníbàárà yín ohun tó fẹ́ fi ṣe, kí ẹ sì gbà pé ẹ lè sọ pé rárá.

Tí ẹ bá gbà á, ẹ má ṣe gbìyànjú láti fara wé aṣọ Klah lórí òfì Ìṣẹ́yìn. Lórí tiyín, òwú tí ẹ ta ló ń hàn, òwú ìhun ló ń sá pamọ́. Tiwọn lòdì sí i pátápátá. Ẹ fi òwú tí ẹ mọ̀ ta á, kí ẹ fi wúùlù ṣe ọnà nìkan, ojú Odù kan lórí ìgbànú kan (aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí òfì), kí ẹ wá rán wọn pọ̀. Wúùlù máa ń nà, torí náà ẹ má fà á le nígbà tí ẹ bá ń gbé ọnà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìgbànú náà á fún pọ̀ nígbà tí ẹ bá já a lórí òfì. Ẹ sọ fún oníbàárà pé omi gbígbóná kò gbọdọ̀ kàn án, á sún kì, òwú tó kù kò sì ní sún, gbogbo rẹ̀ á wá wú kúṣékúṣé. Kòkòrò tó ń jẹ wúùlù wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó máa gbọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè. Ẹ hun ìgbànú kan péré, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó dá iye owó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù.